Owó Tí Wọ́n Fi Sọ́dọ̀ Rhoda

Ọlárìndé fẹ́ tẹ́ símẹ́ńtì sórí ibojì ìyàwó rẹ̀ kó tó kúrò ní Zion Pepe. Ìdí nìyẹn tó fi mú abẹ lọ́wọ́, tó jókòó sórí ẹní láàárọ̀ ọjọ́ náà, tó ń gé okùn kúrò lára owó.

Owó náà kì í ṣe èyí tí èèyàn lè fi ra iyọ̀ mọ́. Owó onírin ayé àtijọ́ ni: kọ́bọ̀ onihò, tọ́rọ́, sísì, ṣílè tí orí ọba òyìnbó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ lára rẹ̀, àti àwọn owó wẹ́wẹ́ ìgbà tí náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, èyí tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò fojú kàn rí. Rhoda ló kó wọn sínú agolo bísíkíìtì ńlá kan tó máa ń wà lábẹ́ ibùsùn. Agolo kékeré kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà tí Rhoda ti kú, ọkọ rẹ̀ kò lè ṣí ọ̀kankan nínú méjèèjì, àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ símẹ́ńtì dé.

Ọmọ Ìkirè ni Ọlárìndé. Iṣẹ́ tíṣà ló gbé e wá sí etí òkun nígbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Ó ní ọdún kan péré lòun máa lò, kí ìjọba tó gbé òun lọ síbi tí ilẹ̀ ti le. Ẹ wá bi í léèrè ibi tí ọdún kan náà wọlé sí. Rhoda, ọmọ Ìlàjẹ paraku, tó ń ta iyọ̀, kẹrosíìnì àti ìwọ̀ ẹja ní etí jẹ́tì tí ọkọ̀ ti ń gúnlẹ̀, ni Tíṣà lọ ra ìṣáná lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó dé. Ó tún lọ ra òmíràn lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ sì ni kì í mu sìgá. Nígbà tí ìṣáná kún ilé rẹ̀ tán, ó gbé ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó kalẹ̀. Títí ó fi fẹ̀yìn tì, Tíṣà ni gbogbo ìlú ń pè é, àti ẹni tó kọ́ níwèé àti ẹni tí kò kọ́.

Yanrìn ni wọ́n sin Rhoda sí, nítorí kò sí ilẹ̀ mìíràn níbẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, orí ibojì á rì. Bí atẹ́gùn òkun bá fẹ́, igi àgbélébùú tí wọ́n rì mọ́ ibẹ̀ á dùbúlẹ̀, Tíṣà á tún lọ gbé e nà ró. Àràmídé, ọmọ wọn obìnrin tó wà ní Ìbàdàn, ti ń pè é lórí fóònù ṣáá pé, “Bàbá, ẹ ò lè máa dá gbé orí omi. Ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi.” Tíṣà gbà, ó sì dá ọjọ́, ṣùgbọ́n ó ní òun ò ní fi ìyàwó òun sílẹ̀ fún yanrìn. Àìsàn Rhoda ti gbé owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ mì, nítorí náà Àràmídé bá a wá ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ògúnlànà, ẹni tó ń ra owó àtijọ́ káàkiri. Ògúnlànà yóò bá ọkọ̀ ọ̀sán dé láti Igbókọ̀dá.

“Bàbá,” ni Ògúnlànà ti sọ fún un lórí fóònù, “ẹ jọ̀ọ́, bí okùn tàbí bébà bá wà lára wọn, ẹ bá mi yọ ọ́ kúrò. Àwọn tí mò ń tà á fún kì í fẹ́ pàǹtírí lára owó.”

Okùn sì wà lára wọn lóòótọ́. Okùn àwọ̀n ni, òmíràn búlúù, òmíràn dúdú, òmíràn àwọ̀ ewé. Èyí tó ní ihò, Rhoda ti ki okùn bọ inú ihò rẹ̀. Èyí tí kò níhò, ó dè é ní ìbú àti òró bí ẹni di ẹrù. Tíṣà ń gé wọn, ó ń da okùn síbì kan, ó sì ń pín owó bí ẹni ń pín ọmọ sí kíláàsì: kọ́bọ̀ lọ́tọ̀, ṣílè lọ́tọ̀. Ó rí díẹ̀ tí kò ní okùn lára rárá. Kọ́bọ̀ onihò kan wà nínú wọn tí etí rẹ̀ kan tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹni pé wọ́n fi òkúta lù ú. Inú Tíṣà dùn sí irú àwọn bẹ́ẹ̀, nítorí wọn kò fún un níṣẹ́ ṣe, ó sì kó wọn sínú abọ́ kan.

Tí ẹ bá bi Tíṣà nígbà náà ìdí tí ìyàwó rẹ̀ fi ń kó owó jọ, á ní bí àwọn kan ṣe ń kó sítáǹbù jọ ni. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, Rhoda bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún un. Kò tíì sọ ọ́ débì kankan tí Tíṣà fi bú sẹ́rìn-ín, tó ní ìgbàgbọ́ asán ni, pé òun ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì nílé ìwé, ìyàwó òun wá ń kọ́ òun ní èyí nílé. Rhoda kò sọ ọ́ mọ́ láéláé, nítorí kò sẹ́ni tó ń bu oúnjẹ kejì fún ẹni tó ti tutọ́ sí ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni Tíṣà wá ń ra owó àtijọ́ bọ̀ fún un nígbàkúùgbà tó bá lọ sí Ìbàdàn, bóyá ó fi ń bẹ̀ ẹ́. Rhoda á kúnlẹ̀, á dúpẹ́ gan-an, á sì kó wọn sínú agolo kékeré. Tíṣà kò bi í rí pé kí ló dé tí agolo fi jẹ́ méjì. Wọ́n ní àjòjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Mo rò pé àjòjì ọdún kan ni wọ́n ń bá wí. Tíṣà ti pẹ́ jù ú lọ.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gé okùn tán nígbà tó gbọ́ tí wọ́n fi àjẹ̀ ìwakọ̀ gbá òpó ilé nínú omi nísàlẹ̀. Jọọlá ló dé, ọ̀rẹ́ Rhoda láti kékeré, obìnrin kan tó ń hun àwọ̀n. Goodluck ni ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ó ti bá àwọn apẹja lọ sí Gàbọ́n láti ọdún tí wọ́n kọ́ jẹ́tì tuntun, kò sì tíì bọ̀. Jọọlá so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ òpó, ó gun àkàbà wọlé pẹ̀lú ẹja yíyan nínú abọ́.

“Tíṣà, ẹ kú ilé o. Mo ní kí n gbé èyí wá kẹ́ ẹ tó di èrò Ìbà…”

Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Ó rí òkìtì okùn lórí pákó. Abọ́ ẹja bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Tíṣà! Kí lẹ ṣe yìí? Yéè! Ọma mi o! Tíṣà, kí lẹ ṣe yìí?”

Jọọlá a máa fi èdè tí Tíṣà gbọ́ dáadáa bá a sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bí ọkàn rẹ̀ bá gbóná, èdè ilé rẹ̀ ló máa ń sá padà sí. Tíṣà dìde pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́. Ó ní òun ń tún owó ṣe fún ẹni tó fẹ́ rà á ni, kí òun lè rówó tún ibojì Rhoda ṣe.

“Ẹ fẹ́ ta kí ni? Ṣé owó Rhoda ni?”

“Owó ta ni, tí kì í bá ṣe tirẹ̀?”

Jọọlá jókòó sílẹ̀ lórí pákó. Ó wá ṣàlàyé fún un, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí èèyàn ṣe ń ṣàlàyé fún ọmọ tí kò mọ̀ pé iná ń jó ni. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lọ pẹja lọ́nà jíjìn, ì báà ṣe Kámẹ́rúùnù, ì báà ṣe Gàbọ́n, á mú owó àtijọ́ kan nínú ilé bàbá rẹ̀, á mú okùn lára àwọ̀n tó ń hun lọ́wọ́, á sì kó méjèèjì wá fún Rhoda. Ìyá Rhoda ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀ kó tó kan Rhoda. Rhoda á fi okùn náà so owó, á ní, “Ẹni tó fi nǹkan sílẹ̀ nílé, dandan ni kó padà wá mú un.” Bó bá dé, á wá gba owó rẹ̀, wọ́n á sì jọ rẹ́rìn-ín.

“Gbogbo ìwọ̀nyí jẹ́ ti àwọn tí a ń retí,” ni Jọọlá wí. “Ẹ wá fi abẹ gé wọn.”

Tíṣà wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ju abẹ náà sórí fèrèsé. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti kéré.

“Ìyá Goodluck, èyí tí kò ní okùn ńkọ́? Èyí tó jẹ́ pé kò ní tẹ́lẹ̀?”

“Bí ìròyìn ikú ẹnì kan bá dé, Rhoda á tú okùn rẹ̀, á jù ú sómi. Owó rẹ̀ nìkan ló máa wà nínú agolo. Kò sẹ́ni tó ń bọ̀ wá gbà á mọ́.”

Ó sọ ọ́ tán, ó sún mọ́ òkìtì okùn, ó kúnlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u wò.

“Pupa ni ti Goodluck,” ló ń wí. “Èmi fúnra mi ni mo já a fún un. Kò sí ẹlòmíì tó mú pupa wá. Kọ́bọ̀ onihò ni owó rẹ̀, bàbá mi ló ti fi ṣe òjé tó ń fa àwọ̀n rì sómi rí, ìyẹn ló jẹ́ kó lù ú tí etí rẹ̀ kan fi tẹ́. Ẹ bá mi wo pupa, Tíṣà. Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́.”

Tíṣà kò nílò láti wo òkìtì náà. Ọwọ́ rẹ̀ ló gé gbogbo okùn tó wà níbẹ̀, kò sì gé pupa kankan. Kọ́bọ̀ tí etí rẹ̀ tẹ́ ti wà nínú abọ́ lẹ́yìn rẹ̀ láti àárọ̀, bí Rhoda ṣe fi í sílẹ̀ ló ṣe bá a. Ó wá rántí ọjọ́ kan tí Rhoda ti jẹ́tì dé lẹ́yìn tí ọkọ̀ àwọn ará Gàbọ́n wọlé. Rhoda kò jẹun lọ́jọ́ náà, ó ní orí ń fọ́ òun, ó kọjú sí ògiri. Tíṣà fún un ní oògùn orí fífọ́, ó padà sídìí rédíò rẹ̀. Ta ni ì bá sọ fún? Ọkọ tó ti fi í rẹ́rìn-ín ni àbí ọ̀rẹ́ tó bí ọmọ? Àánú ìyàwó rẹ̀ ṣe é ju ọjọ́ tí wọ́n sin ín lọ, ojú sì tì í débi pé kò lè gbé orí sókè.

“Gbogbo ọjọ́ ìsinmi tá a bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì ni mo máa ń bi í,” ni Jọọlá ń wí, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú okùn. “Màá ní, ‘Rhoda, okùn ń bẹ?’ Á ní, ‘Ó ń bẹ, Jọọlá.’ Ó sì wà títí ó fi kú. Tíṣà, ẹ ò rí i ni?”

Tíṣà ti na ọmọ púpọ̀ nítorí irọ́ láyé rẹ̀. Àwọn kan nínú wọn ti di bàbá ọmọ, wọ́n ṣì ń rántí pàṣán náà. Ó la ẹnu rẹ̀, ó ní, “Mo rí i. Pupa ni. Ó jọ pé atẹ́gùn ló gbé e wọ yàrá. Ẹ jẹ́ kí n wò ó.”

Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Gèlè pupa Rhoda wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà. Ó fi eyín fa òwú kan yọ ní etí rẹ̀, ó lọ́ ọ kó lè nípọn, ó sì jáde pẹ̀lú ayọ̀ lójú.

“Òun nìyí! Abẹ́ ibùsùn ló wọ̀.”

Jọọlá na ọwọ́, ó gbà á. Ó fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ yí i, ó yí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Láti ọmọdé ló ti ń hun àwọ̀n. Kò sí irú okùn tí ìka rẹ̀ kò mọ̀. Ó gbójú sókè wo Tíṣà pẹ́. Tíṣà ń rẹ́rìn-ín músẹ́, òógùn sì bo iwájú orí rẹ̀.

“Ẹ ṣeun, Tíṣà,” ló wí. “Ẹ mú owó rẹ̀ wá kí n so ó. Lẹ́yìn náà ká so ti àwọn yòókù padà kí ẹni yín tó dé.”

Wọ́n jókòó sórí ẹní kan náà. Jọọlá mọ ilé tí okùn kọ̀ọ̀kan ti wá àti owó tí olúkúlùkù fi sílẹ̀. Ó ní dúdú tó rí fẹ́ẹ́rẹ́ yìí ti ọmọ kan tó ń jẹ́ Godspower ni, irú okùn fẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ ni bàbá rẹ̀ fi ń hun àwọ̀n. Ó ní ṣílè tó dípẹtà yìí ti ọmọ ará Ètìkàn kan ni, ọmọ náà gbéraga, ṣùgbọ́n ó ń ránṣẹ́ sílé. Tíṣà ń di owó mú, Jọọlá ń so ó. Nígbà tí Tíṣà fẹ́ so ọ̀kan fúnra rẹ̀, kókó rẹ̀ tú lójú ẹsẹ̀, Jọọlá ní irú kókó yìí ni ẹja ń bẹ Ọlọ́run fún. Tíṣà rẹ́rìn-ín. Ara rẹ̀ balẹ̀, ó ń yin ara rẹ̀ nínú pé irọ́ náà wọlé, pé obìnrin yìí á lè máa retí ọmọ rẹ̀ lọ ní àlàáfíà, bí Rhoda ṣe fẹ́.

Ọ̀sán pọ́n tán ni ọkọ̀ Ògúnlànà gúnlẹ̀. Ọkùnrin kúkúrú ni, ó wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì sómi lórí agbádá, ẹ̀rù omi kò sì tíì kúrò lójú rẹ̀. Ó kí wọn, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó jókòó, ó sì rí owó.

“Bàbá, okùn tí mo ní kẹ́ ẹ yọ ló ṣì wà lára wọn yìí?”

“Àwọn yẹn kì í ṣe títà,” ni Tíṣà wí. “Ẹ máà bínú. Èmi ni mi ò mọ̀. Èyí tí mo lè tà ló wà nínú agolo kékeré.”

Ògúnlànà da agolo kékeré sílẹ̀, ó yẹ̀ wọ́n wò, ó mí kanlẹ̀. “Bàbá, irú èyí kún ilé mi. Ta ló ta ìwọ̀nyí fún yín ní Ìbàdàn? Gbogbo rẹ̀ kò lè ra àpò símẹ́ńtì kan.” Ó wá rí abọ́ tó wà lẹ́yìn Tíṣà. “Ìwọ̀nyẹn tí kò lókùn ńkọ́? Wọ́n dára gan-an.”

Tíṣà sáré fi ọwọ́ bo abọ́ náà. Ó ní àwọn yẹn náà kì í ṣe títà, pé kó máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ, òun á san owó ọkọ̀ fún un. Ó ń ronú yanrìn tó ń ṣí lórí ibojì, ọkàn rẹ̀ sì bàjẹ́, ṣùgbọ́n kò gbé ọwọ́ kúrò.

Jọọlá ló gbé ọwọ́ náà kúrò. Ó mú kọ́bọ̀ Goodluck láàárín àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ so, ó fi eyín já òwú pupa náà, ó sì gbé kọ́bọ̀ sínú abọ́ mọ́ àwọn tó kù.

“Ẹ tà wọ́n,” ló wí.

“Ìyá Goodluck! Okùn wà lára rẹ̀. Ẹ̀yin náà rí i!”

“Òwú ni, Tíṣà. Kò sẹ́ni tó ń fi òwú hun àwọ̀n. Gèlè Rhoda ni ẹ ti fà á yọ. Èmi pẹ̀lú rẹ̀ la jọ rà á, tèmi ń bẹ nílé.” Kò pariwo. Omi ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún. “Rhoda ń sọ fún mi pé ó ń bẹ, pé ó ń bẹ. N kò ní kó fi hàn mí rí. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, n kò ní kó gbé e wá kí n rí i. Ẹ rò pé kí ló fà á? Ẹ̀rù ń bà mí, Tíṣà. Ẹ̀yin méjèèjì ṣàánú mi. Ó tó.”

Ògúnlànà bọ́ fìlà rẹ̀ sórí orúnkún bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

“Ọmọ ẹni kú, ó yá ju ọmọ ẹni nù lọ,” ni Jọọlá wí. “Gbogbo àwọn tó wà nínú abọ́ yìí, òkun ló gbé wọn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ní ibojì. Mo mọ ìyá ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, màá lọ bá wọn, kò sẹ́ni tó máa kọ̀. Ẹ fi wọ́n ra símẹ́ńtì náà. Kí ẹ jẹ́ kó fẹ̀, kó fẹ̀ dáadáa, kí èèyàn lè jókòó ti Rhoda níbẹ̀. Bí mo bá fẹ́ sunkún ọma mi, màá ní ibi tí mò ń lọ. Àwọn tó lókùn, ẹ gbé wọn fún mi, èmi ló kàn.”

Tíṣà bo ojú rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sunkún bí kò ṣe sun ún lọ́jọ́ tí Rhoda kú. Jọọlá jẹ́ kó sunkún tẹ́rùn. Lẹ́yìn náà ló nu ojú ara rẹ̀, ó ti abọ́ náà sí iwájú Ògúnlànà.

“Ó yá, oníbàárà, ná wọn,” ló wí. “Ṣùgbọ́n má ná wọn ní ọ̀pọ̀ o. Ọmọ ọlọ́mọ ni.”